Ẹ Bi Wá: Oyè Kejì Nínú Ìtọ́jú Ọpọlọ àti Iṣẹ́ Wẹ́fíà

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó kún inú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Ẹ ti gboyè àkọ́kọ́, ẹ sì fẹ́ padà sí yunifásítì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ẹni tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, àti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Inú wa dùn sí i gan-an. Ìwádìí ńlá kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àìsàn ọpọlọ bá fínra láàárín ọdún kan, bí mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú gbà. Òṣìṣẹ́ ò tó rárá. Ìdí nìyí tí a fi máa sọ ojú abẹ níkòó, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí má fi owó àti ọdún rẹ̀ ṣòfò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sociology ni mo kà, second class lower ni mo gbà. Ìtọ́jú àwọn tó ní ìdààmú ọkàn ló wù mí. Mo rí Master's nínú clinical psychology, social work, guidance and counselling, àti ọ̀kan tó dá lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́. Èwo ni kí n mú? — Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ fi orúkọ oyè sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ máa ṣe nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí pé ibi tí ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ń já sí yàtọ̀ síra.

Ẹni tó ṣe clinical psychology máa ń jókòó ti aláìsàn nínú yàrá, á fi ìdánwò wo ìrántí rẹ̀, àfiyèsí rẹ̀ àti bó ṣe ń ronú, á sì máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìlànà tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni, ti Èkó náà ń kọ́ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló fẹ́ kí ènìyàn ti ka psychology gan-an tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ka sociology, wọ́n sábà máa ń ní kó lọ fi ọdún kan ṣe PGD (díplómà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́) nínú psychology kó tó padà wá. Lẹ́yìn Master's, ìkọ́ṣẹ́ ṣì tún wà nílé ìwòsàn. Ẹ ka gbogbo ọdún yẹn pọ̀ kí ẹ tó pinnu.

Social work ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa ń wo aláìsàn pọ̀ mọ́ ilé tó ti wá. Ta ló ń ra oògùn fún un? Ọ̀dọ̀ ta ni yóò sùn sí tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé? Ṣé ọ̀gá rẹ̀ á gbà á padà síṣẹ́? Ta ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́? Àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ social work máa ń gba ẹni tó ka sociology láìjanpata, èyí sì dára fún yín.

Guidance and counselling wà lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ilé ìwé ni ibùdó rẹ̀: ọmọ tó ń sá kúrò ní kíláàsì, ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ó dára fún olùkọ́. Ẹni tó ń wo wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ọpọlọ kò ní rí ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ti ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ẹ sọ, ó wà ní Centre for Child and Adolescent Mental Health ní Yunifásítì Ìbàdàn. MacArthur Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun sì ni òpómúléró rẹ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, gbogbo wọn ló ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì kan náà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ náà ń fi ìmọ̀ kún iṣẹ́ tí ènìyàn ti ní lọ́wọ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó bá wọlé, nọ́ọ̀sì ni yóò jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ́ ìtọ́jú ọmọdé.

Kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fún ènìyàn láṣẹ láti kọ oògùn. Dókítà ọpọlọ ló ń ṣe ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa, social work ni kí ẹ mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí ẹ̀ka náà fúnra yín, kí ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, orúkọ ibi tí wọ́n ń fi wọ́n sí, àti ẹni tó ń bójú tó wọn níbẹ̀. Ẹ̀ka tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí tààrà, ìwé nìkan ló máa fún yín. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti aláìsàn níṣojú ọ̀gá tó mọṣẹ́, kò tíì kọ́ iṣẹ́ yìí, ì báà gba distinction.

ÌBÉÈRÈ: HND ni mo ní, upper credit. Ṣé wọ́n lè gbà mí fún Master's nínú social work? — Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: PGD lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ọdún kan ni tí ẹ bá ń wá lójoojúmọ́. Ẹ má kàn ṣe é láti yege o. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tó ń béèrè kí wọ́n tó gba ẹni tó ti PGD wá sí Master's, ó sì máa ń ga ju máàkì àṣeyege lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gba fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn máa gba PGD yẹn. Àwọn kan kì í gba PGD tí kì í ṣe tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, mo sanwó, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo lọ béèrè, wọ́n ní transcript (àkọsílẹ̀ máàkì) mi ò dé. Mo sì ti sanwó rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́? — Ẹni tó ń dúró, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Transcript ló ń dá ènìyàn dúró jù lọ, nítorí pé ọwọ́ yín kọ́ ló wà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ má dúró de ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá pinnu ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè gba oṣù. Tí ẹ bá ti ní nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí ó hàn lára transcript tàbí lára àpòòwé rẹ̀, torí pé àpòòwé tí kò ní nọ́ńbà máa ń wà nínú òkìtì ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, kí ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó gbé e. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kejì.

Orúkọ ló tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí orúkọ tó wà lórí WAEC bá yàtọ̀ sí ti orí dìgírì, tàbí tí ẹ ti fẹ́ ọkọ tí ẹ sì yí orúkọ padà, ẹ ti múra ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde inú ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ìwé WAEC tàbí NECO ṣì ṣe pàtàkì bí ẹ tilẹ̀ ti gboyè: krẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwé-ẹ̀rí NYSC, tàbí ti ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda, kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí níbẹ̀.

Àwọn tó máa jẹ́rìí yín ńkọ́? Ẹ má kọ orúkọ olùkọ́ sínú fọ́ọ̀mù láìsọ fún un. Ẹ lọ kí i, ẹ rán an létí ọdún tó kọ́ yín àti kọ́ọ̀sì tó jẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀dà èsì yín. Íméèlì ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń kàn sí i, ó sì sábà máa ń lọ sínú spam. Ẹ máa wo ojú òpó fọ́ọ̀mù yín. Tí ó bá ṣì kọ ọ́ pé kò tíì fèsì, ẹ padà lọ bá a pẹ̀lú sùúrù.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, ẹ má parí rẹ̀ sí pé ẹ fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ìyẹn. Ẹ sọ ìṣòro kan pàtó, ibi tí ẹ ti rí i, ohun tí ẹ gbìyànjú láti ṣe sí i, ohun tí ẹ kò mọ̀ tí ẹ kò fi lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá so ó mọ́ kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì nínú ètò ẹ̀kọ́ náà.

Ẹni tó bá ní PhD lọ́kàn, kó béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá Master's náà lè gbé e débẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ fún ṣíṣe iṣẹ́ nìkan, tí kì í ṣe fún ìwádìí. Ní Ìbàdàn, 60 nínú 100 ni àròpọ̀ máàkì tí wọ́n ń wò kí ènìyàn tó lè wọ PhD tààrà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ kọ́ ìtọ́jú wèrè ní yunifásítì. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àbí inú ewu ló fẹ́ ti ara rẹ̀ sí? — Ìyá ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ká kọ́kọ́ tu yín nínú: àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ tí yóò máa bá pàdé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn, oògùn olóró àti wárápá wà lára ohun tó sábà máa ń ṣe wọ́n. Díẹ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ débi tó fi lè ṣe ẹlòmíràn léṣe, wọ́n sì máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe jókòó sí itòsí ilẹ̀kùn àti ìgbà tó yẹ kó pe nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kì í yá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta, àti ní Yábàá, Èkó (ti Yábàá ti wà láti ọdún 1907), máa ń gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà àti saikọ́lọ́jíìsì. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, náà ń gbà wọ́n. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, NDLEA (àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró), àwọn ilé ìwé aládàáni ńláńlá, gbogbo wọn ló ń lò wọ́n. Àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ló ń yára gbani jù, pàápàá fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, àmọ́ àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń fúnni.

Òfin náà ti ń yí padà. Òfin àtijọ́ tí wọ́n ń lò, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ọdún 1916 wá, kò ka aláìsàn ọpọlọ sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá wù yín nínú gbogbo rẹ̀, ẹ gbà á níyànjú kó máa lọ ran àjọ kan lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi kó tó wọlé. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ gba iṣẹ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ti fi mí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ fún ìkọ́ṣẹ́ Master's mi nínú social work. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Kí ni wọ́n máa retí lọ́wọ́ mi, báwo sì ni mo ṣe máa kọ ìjábọ̀ aláìsàn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìlú yín gan-an ló yẹ kí a ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, tí aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tó ń wá gba ìtọ́jú, tó sì tún ń bá ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko. Àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá wò ó. Ohun tó fi hàn kò tíì yí padà: ẹbí wà lára ìtọ́jú. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹbí náà.

Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kí ẹ kọ ni ìtàn aláìsàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó mú un wá àti bó ṣe jẹ́ sí i, torí pé ohun tí ìyàwó máa sọ àti ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ máa sọ lè má dọ́gba, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń ṣe é, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀, àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá sọ pé, “Orí mi ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, n kò rí oorun sùn láti ìgbà ọdún Iléyá,” ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn kọ ọ́ pé “kò rí oorun sùn” ti gbé orí tó ń gbóná sọnù, dókítà sì nílò rẹ̀. Ẹ béèrè gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláásì, oníṣègùn ìbílẹ̀, kẹ́mísíìtì. Ẹ má fi ojú dá wọn lẹ́jọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Tí ẹ bá rojú, wọn ò ní sọ àgbo tó ń mu lọ́wọ́, ó sì lè máa bá oògùn ilé ìwòsàn jà.

Ẹ ya ìdílé náà sórí ìwé, ìran mẹ́ta. Onígun mẹ́rin ni ọkùnrin, òbìrí ni obìnrin, ẹni tó ti kú ẹ fa ìlà gba àárín rẹ̀. Ẹ sàmì sí ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, àti ẹni tó para ẹ̀. Nínú ilé olórogún, ẹ kọ orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan sí orí àwọn ọmọ tirẹ̀, kí ìlà má dàrú. Ẹ tún kọ ìtàn ìgbà èwe, ilé ìwé, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ọtí àti oògùn, owó tó ń wọlé, àti àwọn ohun tó ṣì lágbára nínú ayé rẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ orin tàbí àbúrò tó máa ń pè é.

Lẹ́yìn ìtàn, bí ó ṣe rí lójú yín lọ́jọ́ náà: ìmúra, ìṣesí, ọ̀rọ̀ sísọ, bí inú rẹ̀ ṣe rí, ohun tó ń rò, ohun tó ń gbọ́ tàbí tó ń rí tí ẹlòmíràn kò rí, ìrántí, àti bóyá ó gbà pé ara òun ò yá. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ. “Ara rẹ̀ ò balẹ̀” kò tó. Ẹ kọ ọ́ pé ó dìde nígbà mẹ́ta láàárín ogún ìṣẹ́jú, pé ó ń fa etí aṣọ rẹ̀ ya, pé kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá.

Ìparí ìjábọ̀ ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùnà jù. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ohun márùn-ún: kí ló ń ṣe é báyìí, kí ló ti wà nílẹ̀ tó mú kó rọrùn fún àìsàn láti wọlé, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ tó tú u síta, kí ni kò jẹ́ kó lọ, kí ló sì ń dáàbò bò ó. Ètò ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti inú márùn-ún yìí wá. Tí ohun tí kò jẹ́ kí àìsàn lọ bá jẹ́ pé kò rówó ra oògùn, ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ò lè ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni kò ṣeé yẹra fún. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé ó ti wá sí ọkàn yín rí pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn. Tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti gbèrò ọ̀nà tó máa gbà, bóyá ohun tó máa lò wà nítòsí rẹ̀, àti ìgbà tó ń rò. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ ìpàdé.

Ẹ kọ ìjábọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ lo àmì dípò orúkọ. Ẹ má ya fọ́tò fáìlì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aláìsàn sórí WhatsApp, kódà láàárín akẹ́kọ̀ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn tó ń gbé ní ilé àdúrà, tí wọ́n de àwọn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Alábòójútó mi ní ènìyàn 384 ni kí n lò. Ibo ni iye yẹn ti wá? Pásítọ̀ sì ti gbà fún mi, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́ Master's, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Ìyọ̀ǹda pásítọ̀ ń ṣí géètì fún yín ni, kò dúró fún ìfọwọ́sí aláìsàn, kò sì dúró fún ti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò. Ní Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ UI/UCH ló wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló lè gbà, wọ́n sì lè dá a padà fún àtúnṣe, nítorí náà ẹ fi sínú kàlẹ́ńdà yín. Ìwádìí tí ẹ bá ṣe ṣáájú ìfọwọ́sí wọn, ẹ ò lè lò ó.

Ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè kò lè fi òmìnira sọ fún yín pé òun gbà, torí pé ó lè rò pé tí òun bá kọ̀, wọn ò ní tú òun sílẹ̀. Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ìdènimọ́lẹ̀ yìí ní Nàìjíríà ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ náà yóò sì bi yín ní ohun tí ẹ máa ṣe tí ẹ bá rí ẹni tí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ní ìdáhùn: dókítà tí ẹ máa pè, ọ́fíìsì wẹ́fíà tí ẹ máa sọ fún. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ yọ àwọn tí wọ́n dè kúrò lára àwọn tí ẹ máa fún ní ìwé ìbéèrè, kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́ fún wọn lọ́nà mìíràn.

Iye 384 yẹn wá láti inú ìṣirò tó wọ́pọ̀: 1.96 lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 0.5, lọ́nà 0.5, kí a wá fi 0.05 lọ́nà ara rẹ̀ pín in. 0.5 àkọ́kọ́ dúró fún ìdá àwọn ènìyàn tí àìsàn náà ń ṣe, nígbà tí a ò bá mọ̀ ọ́n, èkejì sì ni ohun tó ṣẹ́kù kí ó tó pé 1. Tí ìwádìí àtẹ̀yìnwá ní irú ibẹ̀ bá ti fi hàn pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni, 0.2 àti 0.8 lẹ máa lò, iye náà á sì bọ́ sí 246. Àwọn tí kò ní dáhùn tún wà: tí ẹ bá rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ò ní dáhùn, ẹ fi 0.9 pín 384, ó di 427. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, tí ẹ ò fẹ́ ka iye, ìṣirò yìí kò kàn yín rárá.

Fún ìwé ìbéèrè, PHQ-9, tó ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, dára. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òdo sí mẹ́ta ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà ní ọdún 2006, 10 sì ni ààlà tó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó le. Àwọn tó wà ní ilé àdúrà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn nínú iṣẹ́ yín. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà Yorùbá, kí ènìyàn méjì tú u lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ sì dán an wò lọ́dọ̀ ènìyàn bí ogójì ní ilé àdúrà mìíràn. Ìbéèrè kẹsàn-án jẹ́ ti pípa ara ẹni: ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni náà. Ẹ má gbé e délé kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnì kan kọ “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́” síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi gba oyè psychology ní Nàìjíríà, ó fẹ́ wá ṣe Master's nínú ìlera ọpọlọ ní ibí ní England. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbà á fún ẹ̀kọ́ ọdún kan. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tàbí saikọ́lọ́jíìsì lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston ní kó kúkú wá sí Amẹ́ríkà. — Nọ́ọ̀sì, Peckham

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kọ́ ọdún kan yẹn dára gan-an fún ìmọ̀, kó sì má fún un ní iṣẹ́ kankan nínú méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi owó ilé ṣòfò nìyí. Ní England, kò sẹ́ni tó lè pe ara rẹ̀ ní social worker láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí nìkan ló ń gbé ẹni tó kàwé níbẹ̀ débẹ̀. Master's irú èyí sábà máa ń gba ọdún méjì, igba ọjọ́ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́: 170 níbi iṣẹ́, tí wọ́n sábà máa ń pín sí 70 àti 100, àti 30 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní àjọ tiwọn. Ti saikọ́lọ́jíìsì ilé ìwòsàn le jù bẹ́ẹ̀ lọ: oyè dókítà ọdún mẹ́ta ni, HCPC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn, ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀.

Kí ó ka owó mìíràn mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́. Owó ìlera tí wọ́n ń san pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ti di £776 lọ́dún láti oṣù kejì ọdún 2024. Láti oṣù kìíní ọdún yẹn náà, akẹ́kọ̀ọ́ Master's tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Tí àbúrò yín bá ti bímọ, ẹ sọ̀rọ̀ yìí kó tó gba ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ní Amẹ́ríkà, MSW (Master's nínú social work) ni kó wá, kó sì jẹ́ èyí tí CSWE, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ social work wò níbẹ̀, fọwọ́ sí. Ọdún méjì ni fún ẹni tó ka psychology. Ẹni tó ti gba BSW (oyè àkọ́kọ́ nínú social work) tí CSWE fọwọ́ sí, tàbí tí CSWE gbà pé ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, nìkan ló máa ń rí ọ̀nà àbùjá. Wákàtí 900 ó kéré tán ni ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdánwò iṣẹ́ tí àjọ ASWB ń ṣe, àti àṣẹ ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀ tún máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí kó tó gba LCSW, ìyẹn àṣẹ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀. Àṣẹ Texas kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní Maryland.

Tí kò bá tíì sanwó, kó wá orúkọ ẹ̀kọ́ náà lórí àtòkọ Social Work England fúnra rẹ̀, orúkọ ẹ̀kọ́ gan-an, pẹ̀lú ti yunifásítì, torí pé yunifásítì kan náà lè ní ọ̀kan tí wọ́n fọwọ́ sí àti mẹ́ta tí wọn ò fọwọ́ sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé òun fẹ́ yí padà sí èyí tó wà níbẹ̀.